Korobá Lábẹ́ Aṣọ Funfun

"Ẹyẹ bàbá mi dà?"

Ọmọ ọ̀gá dúró níwájú àwọn àlejò, aṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbàgbé láti tì. Lórí òpó kúkúrú tó yẹ kí lékeléke onígi tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ wà, korobá kan ló jókòó síbẹ̀. Iyanrìn kún inú korobá náà, ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn kan sì dúró gbọnin nínú iyanrìn, orí rẹ̀ lókè, bí ẹyẹ tí kò rí oúnjẹ jẹ láti ìjẹta. Àgbàlagbà àlejò kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ti ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan kí ìyàwó rẹ̀ tó gbá a lọ́wọ́.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tó ń ṣọ́ ẹnubodè, wà lẹ́yìn pátápátá. Òun kò pàtẹ́wọ́. Ó ti dá korobá náà mọ̀ kí aṣọ tó bọ́ tán. Korobá rẹ̀ ni. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó ṣí gbọ̀ngàn náà sì ń dún wọnran-wọnran ní ìbàdí rẹ̀, bí ẹni pé ó ń pè é lólè.

Bàbá ọmọ ọ̀gá ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ra igbó kékeré kan tó parí sínú irà, ó kan pákó mọ́ pákó títí ó fi di afárá tó gba àárín igi, tó gba orí omi, tó sì dé àgọ́ kan tí èèyàn ti lè jókòó wo ẹyẹ láìjẹ́ kí ẹyẹ rí i. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí kò lè rin orí afárá mọ́, ó ní kí wọ́n gbé ìtì igi kan wá fún òun. Ó fi gbẹ́ lékeléke, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó fi irin ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó fi dágbére fáyé nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti fi aṣọ bo ère náà, kí wọ́n lè ṣí i lójú gbogbo ẹgbẹ́ awẹyẹ lónìí, ọjọ́ ìrántí rẹ̀.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló ń na ìṣó sí olóògbé náà láti orí pákó àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ẹyẹ, ẹ má bi í. Oríṣi mẹ́ta péré ló mọ̀: funfun, dúdú, àti èyí tó ń yàgbẹ́ sórí aṣọ tí èèyàn sá.

"Bàbá," ni ọmọ ọ̀gá wí, "ẹ̀yin nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọ̀gá mi."

"Korobá ta nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ìgbálẹ̀ ńkọ́?"

"Òun náà ò ní ẹlòmíì."

"Mo ti pe ọlọ́pàá. Bí ẹyẹ bàbá mi ò bá padà sórí òpó yìí kí àwọn àlejò tó lọ, ẹ já kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ lára. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dùn ún jù, ojú ni. Ọmọ tí òun pọ̀n kọjá lórí afárá kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn, ògiri ló ń wò bó ṣe ń bá òun sọ̀rọ̀.

Àwọn àlejò ṣe háà, wọ́n pòṣé, wọ́n bá a kẹ́dùn. Kò pẹ́ sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bá wọn wí. Láti àfẹ̀mọ́jú ni àkọ̀ dúdú kan ti dúró lórí òkìtì kékeré láàárín irà, dúdú bí ìdí ìkòkò, irú ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí ẹnikẹ́ni kò rí níbẹ̀ rí. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ojú-Àṣá, ló kọ́kọ́ rí i. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń búra pé òun rí i, tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Oníṣègùn Eyín, obìnrin tó ń dupò mọ́ ọn lọ́wọ́, tiẹ̀ sọ fún un pé òun yóò bá a yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ òun. Lónìí, àkọ̀ dúdú ti dé, ẹnu ẹlẹ́nu sì ti padé.

*

Alùpùpù ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gùn dé, síkáàfù pupa lórí, bàtà funfun lẹ́sẹ̀. Obìnrin tó sanra ni, tí kì í kánjú. Ìyá Ìdí-Abájọ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí èèyàn sọ fún un rí tí kò béèrè ìdí abájọ rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, "Ìdí abájọ?" ló fi dá a lóhùn, ọkùnrin náà ṣì ń ṣàlàyé títí dòní.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ jí ẹyẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, màdámù."

"Ṣé ẹ jí i?"

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ó dáa. Ṣé wọ́n ń ta tíì níbí?"

Ó gbé kọ́ọ̀pù tíì kan wọ gbọ̀ngàn, ó yí òpó náà po, ó ki ìka bọ inú iyanrìn korobá, ó gbóòórùn ìka náà. Ó wá fi àga kan han Bàbá Kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Màdámù, ẹ jẹ́ n dúró. Bí mo bá jókòó, dídìde á di ẹjọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná."

"Ìdí abájọ?"

"Ọjọ́ orí ni, màdámù."

"Ọjọ́ orí kì í ṣàdédé wọlé nírọ̀lẹ́ bí àlejò. Kí lẹ gbé?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fọwọ́ họ irùngbọ̀n. "Àpò àwọn awẹyẹ ni mo bá wọn gbé. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wá wo ẹyẹ, ẹ ó rò pé wọ́n ń kó kúrò nílé ni. Awò ọlójúméjì, awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àga, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣèpàdé níhìn-ín lọ́sàn-án àná. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo bá wọn gbé gbogbo ẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Èyí tó mú kí ẹ̀yìn mi ṣe kàá, mi ò lè sọ ti ta ni. Àpò kì í lójú, gbogbo wọn jọ ara wọn."

"Gbọ̀ngàn yìí wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án àná, nígbà náà?"

"Gbayawu."

"Kọ́kọ́rọ́ yín ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ nìyẹn. Lónìí ńkọ́? Ẹ tún bá wọn gbé àpò wọlé?"

"Láti àfẹ̀mọ́jú. Ẹ̀yìn náà tún ṣe kàá. Mo ní, ẹ ò rí ayé, àná mo darúgbó, òní mo tún darúgbó."

Ìyá Ìdí-Abájọ gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ó ṣe kàá nígbà tẹ́ ẹ gbé e jáde. Ó tún ṣe kàá nígbà tẹ́ ẹ gbé e wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá, ẹ̀yìn yín gbọ́n ju ẹnu yín lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ilé ìdáná. Ẹni tó ń ta tíì máa ń rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde."

*

Ìyá Onítíì kò fara mọ́ ọn pé kí ọlọ́pàá wọ ilé ìdáná òun. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Ọwọ́ méjèèjì dúdú kirikiri.

"Èmi? Kí ni n ó fi lékeléke onígi ṣe? Kí n sè é?"

"Tàbí kí ẹ fi dáná," ni Ìyá Ìdí-Abájọ wí.

"Hà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá wa tó kú, kí n fi se omi tíì? Kí omi náà hó mọ́ mi lójú! Èédú lẹ rí lọ́wọ́ mi yìí. Èédú náà gan-an, ẹnìkan ń jí i. Mo fi àpò sílẹ̀ ní dídì lọ́sàn-án àná, mo padà dé, wọ́n ti tú okùn ẹ̀. Ẹ wádìí ìyẹn náà, àbí ẹyẹ nìkan lòfin mọ̀?"

"Báwo ni èyí tí wọ́n mú ṣe pọ̀ tó?"

"Kò pọ̀. Bí ìkúùkù méjì. Kò tiẹ̀ lè se omi kọ́ọ̀pù kan. Mo mọ̀ pé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni."

"Èmi kẹ̀?" Bàbá Kọ́kọ́rọ́ yíjú sí i. "Láàárọ̀ mo di olè ẹyẹ, lọ́sàn-án mo di olè èédú. Kó tó di alẹ́, wọ́n á ní mo jí irà."

Ìyá Ìdí-Abájọ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó fẹ́ dáná kì í mú ìkúùkù méjì. Kí lèèyàn ń fi èédú ṣe, bí kò bá fẹ́ dáná?"

"Wọ́n fi ń fọ eyín," ni Ìyá Onítíì dáhùn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ rántí ẹnìkan. Oníṣègùn Eyín!

*

Ọmọ ọ̀gá pa á láṣẹ pé kí gbogbo awẹyẹ wá ṣí àpò wọn nídìí ọkọ̀. Wọ́n ń kùn bí oyin; àkọ̀ dúdú ń bẹ níta, wọ́n ní kí àwọn wá máa tú ẹrù. Nígbà tó kan Oníṣègùn Eyín, ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Mi ò ní ṣí i."

"Ìdí abájọ?"

"Ọ̀rọ̀ ara mi ni."

Ọmọ ọ̀gá fò síwájú, ó ṣí i fúnra rẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé: ọrùn gígùn, orí tó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ọmọ ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sókè, gbogbo èèyàn sì gbọ́. Ni Ìyá Ìdí-Abájọ bá tú aṣọ náà.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni. Ó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí wọ́n ṣe ń fọ eyín ni," Oníṣègùn Eyín wí, ojú tì í. "Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn rí i. Títí n ó fi kú ni yóò máa pè mí ní Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì."

"Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì!" ni Ojú-Àṣá ké láti ẹ̀yìn, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ ewé láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ ṣí àpò tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin òfin. Òfìfo. Awò mi wà ní àgọ́."

Ìyá Ìdí-Abájọ ki ọwọ́ bọ inú àpò náà dé ìsàlẹ̀, ó fọwọ́ rá a káàkiri, ó yọ ọ́, ó sì ki ọwọ́ náà bọ àpò aṣọ rẹ̀ kíá.

"Òfìfo ni lóòótọ́," ló wí. "Ẹ ṣeun. Èmi náà fẹ́ lọ wo ẹyẹ yín."

Inú Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bàjẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìgbànú. Ọlọ́pàá tó rò pé yóò gba òun sílẹ̀, ẹyẹ ló fẹ́ lọ wò.

*

Òfin méjì ló wà nínú àgọ́ awẹyẹ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ohùn sókè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan irà. Orí pákó lèèyàn yóò dúró, ibi tí ojú bá gbé e dé ni yóò mọ. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ tó lé ẹyẹ sá, wọn kò ní kí i mọ́ títí ayé.

Wọ́n jókòó tẹ̀lé ara wọn sórí ìjókòó gbọọrọ, awò lójú gbogbo wọn.

"Ẹ wo sùúrù," ni ọ̀kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Láti àárọ̀, kò mira."

"Bí àkọ̀ ṣe ń ṣọdẹ nìyẹn. Ó ń ṣọ́ ẹja ni."

"Ẹja wo ni wọ́n ń ṣọ́ fún gbogbo àárọ̀? Ẹja náà á ti kú fún ọjọ́ ogbó."

"Ṣíọ̀! Ìwọ tí o ò lè jókòó ka ojú ìwé méjì."

Ojú-Àṣá yọ̀ǹda awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ fún Ìyá Ìdí-Abájọ. "Ẹ wò ó dáadáa, ẹ lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá." Òun fúnra rẹ̀ kò wo ẹyẹ. Ó ń na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Lójijì, afẹ́fẹ́ yí. Ó gba òdì kejì wọlé, ó sì gbé síkáàfù pupa náà bo Ìyá Ìdí-Abájọ lójú. Ó yí ara padà kí ó lè kojú afẹ́fẹ́, síkáàfù padà sẹ́yìn. Níta, àwọn lékeléke tó wà káàkiri inú irà náà yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ wọlé bá, kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí wọn ní ìyẹ́.

"Bàbá, ẹ rí i?"

"Mo rí i, màdámù. Gbogbo àwọn funfun yí padà."

"Gbogbo àwọn funfun," ni Ìyá Ìdí-Abájọ tún wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó pe ọmọ ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbí. Ẹ jẹ́ ká jókòó díẹ̀."

"Ká jókòó kẹ̀?" Ojú-Àṣá ti di ẹrù rẹ̀. "Òjò ń bọ̀! Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹyẹ náà gan-an nílò ìsinmi."

"Awẹyẹ ń sá fún òjò?" Oníṣègùn Eyín yọ awò lójú. "Ẹyẹ tí o fi oṣù kan gbáko búra lé lórí? Èmi ò kúrò níbí o, kódà kí yìnyín máa bọ́."

"Ẹ bá mi bi í léèrè," ni Ìyá Ìdí-Abájọ wí. "Gbogbo yín ń wo ẹyẹ. Òun nìkan ló ń wo òjò. Ìdí abájọ?"

Ọmọ ọ̀gá kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Màdámù, ère bàbá mi ni mo pè yín fún."

"Òun náà ni mò ń sọ. Lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn ìpàdé, ẹnìkan gbé ère náà sínú àpò gígùn, ó fi korobá àti ìgbálẹ̀ Bàbá dípò rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó ní kí Bàbá bá òun gbé àpò náà jáde. Bàbá gbé ẹrù olè lọ sí ìdí ọkọ̀ láìmọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kàá. Láàárọ̀ yìí, ó tún bá a gbé e wọlé, ẹ̀yìn tún ṣe kàá. Ère náà ò sọnù, ó kàn lọ sùn níbì kan lóru àná ni. Kí ló lọ ṣe? Ìkúùkù èédú méjì ló bá a lọ." Ó yọ ọwọ́ nínú àpò aṣọ, ó na ìka márùn-ún sókè. Orí ìka márààrún dúdú. "Inú àpò òfìfo nìyí o, Ọ̀gá Ojú-Àṣá."

"Ìdọ̀tí ni!" Ọkùnrin náà ti ń làágùn. "Inú igbó là ń gbé àpò kiri!"

"Èédú tí wọ́n fi omi pò ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró pẹ́, òróró ni yóò fi pò ó. Ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, kó dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó fura, omi ni yóò lò. Ó gbàgbé pé òwúrọ̀ ni wọn yóò ṣí aṣọ, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́."

"Irọ́ ni! Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ṣíṣí aṣọ sí!" Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"A yí i padà sí àárọ̀ nítorí òjò," ọmọ ọ̀gá dáhùn wẹ́rẹ́, kò tíì yé e. "Ṣùgbọ́n níbo ni ẹyẹ náà wà? Ta ni yóò fi ibi tó wà hàn mí?"

"Mo ní ẹlẹ́rìí kan," ni Ìyá Ìdí-Abájọ wí. "Ó ti ń bọ̀ lọ́nà."

Ẹ̀kán kan bọ́ sórí páànù. Kó! Òmíràn bọ́. Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀: kò bèèrè ọ̀gá ẹgbẹ́, ó dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wàà, lórí igi, lórí afárá, lórí gbogbo irà. Gbogbo awẹyẹ gbé awò sójú, wọ́n ń ṣọ́ ìgbà tí àkọ̀ dúdú yóò fò.

Kò fò. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ìlà funfun kan, tẹ́ẹ́rẹ́, láti àtàrí dé ọrùn. Ìlà náà fẹ̀. Omi dúdú ń ṣàn gba àyà rẹ̀ sórí òkìtì.

"Mo rí i lóṣù tó kọjá lóòótọ́," Ojú-Àṣá ń sọ, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Mo fi orí ìyá mi búra. Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní bí mo bá fi ọ̀kan dúró, bóyá ti òótọ́ á tún padà wá."

"Korobá Bàbá lo wá fi dípò rẹ̀," ni Oníṣègùn Eyín wí, "kí wọ́n lè rí ẹni mú." Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọmọ ọ̀gá kò gbọ́ èyíkéyìí. Ó ti yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó náà, ó di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú gírígírí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí afárá ṣì ń bà á lẹ́rù. Ó yí ojú kúrò lára irà, ó sì wo Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sójú, omijé kún ojú tirẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá mi wò ó. Irú ẹyẹ wo nìyẹn?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tí kò mọ̀ ju oríṣi mẹ́ta lọ, tẹjú mọ́ òkìtì náà láìlo awò kankan.

"Funfun ni, ọmọ ọ̀gá mi," ló wí. "Tiwa ni."